A Dín Ìyá Àgbà Sórí Àwo

Ìjà la fi pàdé, èmi ni mo sì dá a sílẹ̀. Àárín oṣù kẹjọ ni, oòrùn ń ta bí ata. Ọkùnrin kan gbé mọ́tò gàgàrà onínọ́ńbà Vienna dí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù fídíò wa nílùú Bor, ní Serbia, ó sì wọlé wá bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló ni àdúgbò.

“Ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò yẹn?”

“Èmi ni. Ó rẹwà, àbí?”

“Ó rẹwà gan-an. Ẹ lọ gbé e kúrò níbẹ̀ kó lọ máa rẹwà níbòmíì.”

Ọ̀gá mi, Velibor, húkọ́ látẹ̀yìn aṣọ ìkélé. “Dušica! Oníbàárà ni o!”

Ọkùnrin náà ò bínú, ẹ̀rín ló rín. Ó jáde, ó gbé mọ́tò kúrò, ó padà wá tòun ti òógùn lójú. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi. Ká ní ó bínú ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀.

“Paun lorúkọ mi,” ó ní. “Ìyá àgbà mi fẹ́ ṣe pomana. Mo fẹ́ kí ẹ wá fi fídíò ya á.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú. Tara ẹ̀ ló fẹ́ ṣe.”

Mo wò ó bóyá ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ọmọ ìgboro ni mí, Serb paraku. Àwọn ẹ̀yà Vlah tó wà ní abúlé ẹ̀yìn òkè, ìròyìn wọn nìkan la máa ń gbọ́. Mo mọ̀ pé pomana ni àsè òkú wọn, n ò mọ̀ pé alààyè lè ṣe tiẹ̀ sílẹ̀.

“Ó ní gbogbo àwa ọmọ ti di ará Vienna,” Paun ń ṣàlàyé. “Ó ní bí òun bá kú, pízà la máa fi ṣe òkú òun. Ló bá ní òun á fọwọ́ ara òun tẹ́ tábìlì, kóun lè bá oúnjẹ àti omi lọ́hùn-ún.”

Ọ̀gá mi ti yọjú báyìí. Òun ni Paun ń bá sọ̀rọ̀, àmọ́ èmi ló ń wò. “Mo fẹ́ kó mọ́ gaara. Irú àwòrán tuntun yẹn, téèyàn lè fi ka irun ìpéǹpéjú. Òun ló tọ́ mi. Mo fẹ́ máa rí i ní Vienna bí ẹni pé mo lè nawọ́ kàn án.”

Báyìí ni mo ṣe dé àsè òkú ẹni tí kò tíì kú.

Wọ́n tẹ́ tábìlì gígùn sábẹ́ igi nínú àgbàlá. Búrẹ́dì ribiti ribiti, ẹja, ẹ̀wà, àbẹ́là lórí gbogbo ẹ̀. Ìyá Àgbà Stamena jókòó síbi tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún òkú. Obìnrin kékeré ni, ó wé gèlè dúdú, gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Àwọn òbí Paun ti lọ wáṣẹ́ ní Vienna nígbà tó ṣì ń yọ eyín, ọwọ́ ìyá yìí ló dàgbà sí.

Nígbà tó tó àkókò, ó dìde. Ó ń gbé ife amọ̀ fún olúkúlùkù, wáìnì nínú rẹ̀, àbẹ́là tín-ín-rín kan tí wọ́n fi òwú pupa so mọ́ etí rẹ̀. Á na ife náà, á ní, “Gbà, kó jẹ́ tèmi lọ́hùn-ún.” Ẹni náà á gbà á, á ní, “Bogdaproste.” Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yí tábìlì ká. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń fi dáhùn, ọmọdé àtàgbà.

Àfi bó ṣe dé ọ̀dọ̀ mi. Ó dúró gangan níwájú kámẹ́rà, ó na ife sí mi. “Gbà, ọmọ, kó jẹ́ tèmi lọ́hùn-ún.”

Ẹni tó ń ya fídíò kì í fọhùn. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi nìyẹn, torí etí kámẹ́rà wà lẹ́bàá ẹnu ẹni tó gbé e. Bí mo bá húkọ́ lásán, á dà bí ààrá nínú fídíò. Ọwọ́ mi méjèèjì sì wà lára kámẹ́rà. Mo dákẹ́. Ìyá náà dúró. Èmi náà dúró. Atẹ́gùn ń fẹ́ ewé lórí wa. Nígbà tó yá, Paun na ọwọ́ wá látẹ̀gbẹ́, ó gba ife náà, ó gbé e sẹ́bàá báàgì mi. Ìyá àgbà wò mí, ó sì kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.

Ìrọ̀lẹ́, mo ti kó kámẹ́rà sínú àpótí, Paun wá jókòó tì mí tòun ti búrẹ́dì àti ẹja.

“O ò bẹ̀rù? Wọ́n ní àwa Vlah máa ń fi oògùn sóúnjẹ fún ọmọ ìgboro.”

“Èwo lo fi sí níbẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀.”

Mo jẹ gbogbo ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá ní, “Ṣé o mọ̀ pé o ti jalè lónìí? Ẹni bá gba ife láìdáhùn, ó jí i ni. Bogdaproste lo yẹ kó o sọ. Kí Ọlọ́run foríjì, ìtumọ̀ ẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń gbé oúnjẹ kọjá sọ́hùn-ún.”

“Bogda… kí ni?”

“Fi sílẹ̀. Ahọ́n ìgboro ò lè gbé e.”

Mo pè é ní alápárá, mo gbé ife mi relé. Lọ́jọ́ kejì, mo kó bírò sínú rẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́ mi.

Láti ọjọ́ yẹn, Paun ò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wa mọ́. Tí kò bá gbé èso wá, á ní òun fẹ́ wo ibi tíṣẹ́ dé. Ọ̀gá Velibor ní kó kúkú wá máa gbálẹ̀. Nígbà tó rí ife tó kún fún bírò, ó dorí kodò, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n. “Má jẹ́ kí Ìyá Àgbà rí i o, Dušica, mo bẹ̀ ọ́.”

Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ máa ń pè é lórí fóònù. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í sọ pé a kọ fídíò sórí àwo DVD, dídín la máa ń sọ pé a dín in, bí ẹni dín ẹyin. Mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù Paun: “Ṣé ọmọ yẹn ti dín mi tán? Kó má jẹ́ kí n jóná o!”

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwo pàtàkì tí wọ́n ṣe fún àwòrán mímọ́ gaara wọ́n bí ojú, a ò sì ní ẹ̀rọ tó ń dín in. Àmọ́ ọgbọ́n kan wà. A lè dín àwòrán mímọ́ gaara yẹn sórí àwo lásán, irú èyí tí gbogbo ayé ń rà. Kò ní gbà ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ, mo sì ní láti gé àsè ọjọ́ kan kúrú, ṣùgbọ́n ó máa mọ́ rekete. Ohun kan péré ni: ẹ̀rọ tuntun nìkan ló lè kà á, èyí tí iná ojú rẹ̀ jẹ́ búlúù. Tẹ́ ẹ bá fi í sínú ẹ̀rọ àtijọ́, á yí i, á yí i, á sì pọ̀ ọ́. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ bi oníbàárà léèrè: ẹ̀rọ wo ló máa jẹ àwo yìí?

Mo bi Paun. Mo fi ẹnu ara mi bi í.

“Olójú búlúù,” ó ní, ó ń fẹlá. “Tuntun báyìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni.”

Yàrá rẹ̀ ní Vienna ló ń rò. Èmi náà ò bi í pé nílé ta ni, torí ètè rẹ̀ ni mo ń wò nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Méjì ni mo dín, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún Ìyá Àgbà.

Ní etí adágún lẹ́yìn ìlú, ó dì mí lọ́wọ́ mú. “Oṣù yìí ń parí lọ, Dušica, ìsinmi mi náà ń tán lọ. N ò lè sùn. Bí mo bá dúró níbí, iṣẹ́ á bọ́. Bí mo bá lọ, inú mi ò ní balẹ̀. Tẹ̀lé mi.”

“Gẹ́gẹ́ bí kí ni?”

“Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó mi, olórí kunkun yìí! Gẹ́gẹ́ bí kí ni tún ni?”

Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ débi pé inú ń bí mi. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó ní kí n tó lè wọlé àwọn, Ìyá Àgbà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, á rí fídíò, inú ẹ̀ á dùn, a máa sọ fún un lójú ẹsẹ̀.

Nílé wa, màmá mi, Milunka, gbé ọwọ́ lérí. “Ṣé àwọn tó ń ṣe òkú fún alààyè lo fẹ́ fẹ́? Wọ́n á fi ọ́ rúbọ ni!”

“Màmi, ẹ̀wà ni wọ́n fi rúbọ. Mo jẹ níbẹ̀.”

“O jẹ níbẹ̀? Yé! Ó ti tán nìyẹn.”

Ọjọ́ àwo pé. Gbogbo ẹbí kún pálọ̀ Ìyá Àgbà, wọ́n gbé ọtí rakija kalẹ̀. Mo wọlé, mo rí ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni. Ó tóbi bí àpótí, fàdákà ara rẹ̀ ti ń bó.

“Paun,” mo rọra pè é, “ṣé èyí ni?”

Ó ti ti àwo bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ̀rọ náà kùn. Ó yí i. Ó tún yí i. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Àǹtí Ruža, ẹ̀gbọ́n bàbá Paun, tẹ̀ síwájú kó lè ka ohun tó hàn lójú ẹ̀rọ.

“Ó ní ‘Kò sí àwo.’”

“Kò sí kí ni?” Ìyá Àgbà béèrè.

“Kò sí nǹkan kan, Màmá. Ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.”

Ẹ̀rín tó wà nílé náà kú pátápátá. Ìyá Àgbà kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé itan.

“Wọn ò gbà á,” ó ní. “Tábìlì mi ò dé ọ̀hún.”

“Ìyá Àgbà, ẹ̀rọ ni o,” mo yára sọ. “Àwo yìí nílò ẹ̀rọ tuntun, òun ló fà á…”

“Ìwọ.” Gíláàsì nínípọn yẹn yí sọ́dọ̀ mi. “Gbogbo èèyàn ló dáhùn. Mo na ife sí ọ, o wò mí bí ògiri. Ìwọ lo ti ilẹ̀kùn.”

Ó yẹ kí n kúnlẹ̀. Ó yẹ kí n ní ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ará ilé náà lọ́kùnrin lóbìnrin ló kọjú sí mi, etí mi gbóná, ẹnu mi sì ya kí n tó mọ̀.

“Ẹ̀rọ yín ló gbó, ẹ má dá àwọn òkú lẹ́bi!”

Ẹyin lohùn. Tèmi ti balẹ̀. Àǹtí Ruža ya àgbélébùú láyà rẹ̀.

“Dušica, dákẹ́!” Paun ló sọ bẹ́ẹ̀, níṣojú gbogbo wọn.

Mo jáde. Ó sáré tẹ̀ lé mi dé ìdí mọ́tò.

“Mo bi ọ́! Ẹ̀rọ wo? O ní olójú búlúù!”

“Tèmi ni mo ń sọ! Tèmi ní Vienna!”

“Ìyá àgbà ẹ ló ṣe àsè! Ṣé Vienna ló ti máa wò ó?”

“Ìwọ lo mọṣẹ́!”

“Ìwọ lo mọlé yín!”

A dúró, à ń mí hẹlẹ hẹlẹ bí ajá tó sáré. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ìyẹn ló sì dùn mí jù. “N ò lè mú ọ wọlé báyìí. Ó gbà pé ìwọ lo ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Ìyá tí mo mọ̀ nìyẹn, Dušica. N ò ní òmíràn.”

“Má mú mi wọlé mọ́ nígbà náà.”

Ó ju àwo tiẹ̀ sórí àga mọ́tò. Oṣù parí, ó sì lọ.

Oṣù kẹsàn-án ni gbogbo ilé ní Bor máa ń sun tàtàṣé sínú ìgò nítorí òtútù tó ń bọ̀. Èéfín gba àdúgbò. Màmá mi gbé mi sídìí iná, mo ń sun tàtàṣé, mo ń jó ìka mi. N ò lè jókòó. Mo dìde, mo wo fóònù, mo jókòó. Ní ṣọ́ọ̀bù, mo dín ìgbéyàwó ẹnìkan sórí àwo ìsàmì ẹlòmíì. Ọ̀gá Velibor ní kí n lọ sinmi. Kí n lọ sinmi níbo?

Níkẹyìn mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe níbẹ̀rẹ̀. Mo dín àsè náà lọ́nà àtijọ́, irú èyí tí ẹ̀rọ gbogbo ayé ń kà, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sábúlé.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo bá Ìyá Àgbà. Ojú rẹ̀ ti jìn. Àwo ọbẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìfọwọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ni omi.

“Kò jẹ, kò mu,” Àǹtí Ruža sọ sí mi létí.

“Mo gbọ́ ọ, Ruža. Ara mi ni mò ń kọ́. Ebi àti òùngbẹ ni mo máa bá lọ́hùn-ún, ó yẹ kí n ti mọ́ra.”

Omi bọ́ lójú mi. Mo kúnlẹ̀. “Ìyá Àgbà, ẹ foríjì mí. Ẹnu mi ni. Ẹ wò ó, mo ti dín òmíràn. Èyí á ṣí, ẹ̀rọ yín á kà á.”

“Òmíràn ni. Bí wọ́n bá kọ oúnjẹ mi, ṣé wàá gbé oúnjẹ ẹlòmíì fún wọn kó o ní wọ́n ti gbà á?” Ó na ìka sí ògiri. Àwo àkọ́kọ́ ló wà lẹ́yìn àwòrán ẹni mímọ́, nínú tówẹ́lì funfun. “Èyí tí wọ́n kọ̀ nìyẹn. Àfi kí òun fúnra ẹ̀ ṣí.”

“Ó ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà mi. Ẹ jẹ́ kí n gbé e wá.”

“Ẹ̀rọ tìẹ ni. Ohun tó o bá ní kó sọ ló máa sọ.”

Mo wá mí kanlẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti fi gbogbo ọ̀nà kọ́ ahọ́n mi. “Bogdaproste, Ìyá Àgbà.”

Ó wò mí. Ojú rẹ̀ ò le mọ́, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

“Kí lo gbà lọ́wọ́ mi tó o fi ń sọ ọ́? Ọwọ́ mi ṣófo, ọmọ. Ìgbà tí ife bá wà níta la máa ń dáhùn. A kì í sì í tẹ́ tábìlì yẹn lẹ́ẹ̀mejì.”

Nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ padà, mo sunkún débi pé obìnrin tó jókòó tì mí fún mi ní ápù. Mo pe Paun, n ò sì sọ ti ara mi. Mo ní, “Ìyá àgbà ẹ ò jẹun. Ó ń fi ara ẹ̀ kọ́ òùngbẹ. Bó o bá máa bínú sí mi, máa bínú, ṣùgbọ́n fi àwo tó wà lọ́wọ́ ẹ sínú ẹ̀rọ ẹ, kó o fojú ara ẹ rí i.” Mo pa fóònù kó tó fèsì.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló pè.

“Dušica.”

“Ta ni?” Ẹ wo ìbínú mi ná, bí ẹni pé n ò mọ ohùn rẹ̀.

“Ó ṣí. Mo rí irun àgbọ̀n ẹ̀. Mo rí ibi tó ti fi òwú pupa tún gíláàsì ẹ̀ so. Mo sì gbọ́ ọ.”

“N ò sọ̀rọ̀ níbẹ̀.”

“Mo gbọ́ bó o ṣe ń mí. Látìbẹ̀rẹ̀ ni mò ń gbọ́ ọ, fẹ́lẹ́ fẹ́lẹ́. Nígbà tó na ife sí ọ, o ò mí mọ́. O ò mí títí mo fi gba ife yẹn. Ọkàn mi, ògiri kì í séèmí.”

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú mi.

“Mo ti gbé ẹ̀rọ náà sínú mọ́tò,” ó ní. “Mo ń bọ̀.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó tún gbé mọ́tò náà dí ẹnu ọ̀nà, ti ilé wa lọ́tẹ̀ yìí. Irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀, kò tíì sùn. Mo ní kó dúró kí n sọ fún màmá mi. Mo ti ń múra ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n Màmi ti ń fi aṣọ nu ìgò tàtàṣé kan.

“Gbà. A kì í lọ sílé ìyá ọkọ lọ́wọ́ òfo.”

“Màmi, ẹ̀yin náà lẹ ní…”

“Mo mọ ohun tí mo sọ. Mo sì ti rí bó o ṣe ń rìn kiri ilé bí adìyẹ tó fẹ́ yé. Lọ, jàre.”

Paun gbé ẹ̀rọ àti tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ wọ yàrá Ìyá Àgbà, ó so wọ́n pọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn kí gbogbo ilé lè rí i pé n ò fọwọ́ kan nǹkan kan.

“Ẹ̀yin lẹ máa fi í sí i, Ìyá Àgbà,” Paun sọ.

Àǹtí Ruža mú àwo náà wá láti ẹ̀yìn ẹni mímọ́, ó tú tówẹ́lì. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti àwo yẹn sẹ́nu ẹ̀rọ. Iná búlúù tàn. Ẹ̀rọ náà yí i. Ó yí i. Mo ní Ọlọ́run, jọ̀ọ́, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà mọ́. Irọ́ ni mo pa, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Àgbàlá náà yọ sójú tẹlifíṣọ̀n.

Ewé igi, kedere. Èéfín àbẹ́là, kedere. Èrúnrún búrẹ́dì lórí aṣọ tábìlì. Ìyá Àgbà tẹ̀ síwájú lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Ta ni arúgbó yìí?”

“Ẹ̀yin ni, Màmá,” Àǹtí Ruža dáhùn, ó ti ń sunkún.

“Ṣé mo ti gbó tó báyìí? Èmi?” Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó wá mi orí. “Ó jinná. Ó jinná dáadáa.”

Àwọn ife bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Gbà, kó jẹ́ tèmi lọ́hùn-ún. Bogdaproste. Gbà. Bogdaproste. Ó ń ka wọn sẹ́nu bí wọ́n ṣe ń gbà á. Lẹ́yìn náà ni ìyá inú tẹlifíṣọ̀n yí padà, ó kọjú sí wa. Ife náà gba gbogbo ojú ẹ̀rọ, wáìnì inú rẹ̀ ń mì.

“Gbà, ọmọ, kó jẹ́ tèmi lọ́hùn-ún.”

Atẹ́gùn. Ewé. Kò sí ohùn kankan. Ìyá Àgbà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ń wo ara rẹ̀ tó na ife síta, kò sẹ́ni tó gbà á. Nígbà náà ló yé mi. Ife ṣì wà níta. Ó ti wà níta láti oṣù kẹjọ.

Mo kúrò lẹ́nu ọ̀nà, mo rìn dé iwájú tẹlifíṣọ̀n, mo na ọwọ́ mi méjèèjì.

“Bogdaproste,” mo wí.

Nínú àwòrán, ọwọ́ kan yọ látẹ̀gbẹ́, ó sì gba ife náà.

Mo yíjú padà. Ìyá Àgbà ti bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń fi etí gèlè nu ojú.

“Ó pẹ́ kó o tó dáhùn.”

“Ọ̀nà ló jìn, Ìyá Àgbà.”

“Ife yẹn ńkọ́? Níbo lo gbé e sí?”

Paun fọwọ́ bojú. Mo rò ó bóyá kí n parọ́.

“Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Àgbà. Bírò ló wà nínú ẹ̀.”

“Bírò?” Ó wò mí, ó wo Paun. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rò pé ẹkún ni, ẹ̀rín ni. Ó rín in títí ó fi wúkọ́. “Bírò! Ó dáa bẹ́ẹ̀. Màá rí nǹkan fi kọ̀wé sí yín látọ̀hún, torí mo mọ̀ pé ẹ ò ní pè mí.”

Paun kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé orí lé itan rẹ̀ bí ọmọ kékeré. Ìyá náà ń fọwọ́ pa á lórí.

“Bu omi fún mi,” ó ní fún un. Ó mu ún tán, ó ní kó tún bu òmíràn. Ó mu ìyẹn náà. Ó wá gbójú sókè. “Ruža, kí lò ń dúró wò? Gbé oúnjẹ wá. Ìyàwó ti wà lórí ìdúró látìgbà tó ti dé.”

Ìyàwó. Kò tiẹ̀ wo ojú mi nígbà tó sọ ọ́, bí ẹni pé ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń pè mí bẹ́ẹ̀. Mo gbé ìgò tàtàṣé màmá mi, mo sì tẹ̀ lé Àǹtí Ruža lọ sí kíṣìnì, ká lọ kó àwo wá.